Máàkì Lẹ́yìn Ilẹ̀kùn Ìyá Aláṣọ

N ò yọjú wo yàrá ẹnikẹ́ni o. Ilẹ̀kùn Ìyá Aláṣọ ló ṣí sílẹ̀ gbayawu nígbà tí mò ń lọ sá aṣọ, ojú mi ò sì fọ́. Páálí Indomie kan ni wọ́n là, wọ́n kàn án mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, wọ́n fi rúlà fa ìlà sí i, wọ́n sì fi bírò pupa kọ̀wé sí i gàdàgbà. "Jíjí kí aago mẹ́fà tó lù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pariwo: máàkì 10. Pípọn omi kún dúrọ́ọ̀mù kí ilẹ̀ tó ṣú: máàkì 15. Kíkí àwọn àgbà ilé láàárọ̀: máàkì 5." Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti fẹ́ pa mí, torí ọmọ tí wọ́n torí ẹ̀ kọ ọ́ yìí, àwa àgbà ilé la máa ń kọ́kọ́ kí i, bó bá sì wù ú á mi orí. Apá ìsàlẹ̀ ni ọjà wà: "Dátà gígábáìtì kan: máàkì 150. Wíwo bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Sátidé: máàkì 60. Gígẹ irun níbi tó wù mí: máàkì 80."

Mo sá aṣọ tán, mo ká a, mo tún un sá, kí n lè kà á dópin.

Ọmọ náà ti pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ohùn rẹ̀ ti ki, ó ti ga ju bàbá rẹ̀ lọ. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ Mò-ń-bọ̀ ni gbogbo ilé ń pè é, torí ìdáhùn kan ṣoṣo tó ní nìyẹn. Lọ pọn omi: mò ń bọ̀. Lọ gba ṣéńjì lọ́wọ́ Àlàájà: mò ń bọ̀. Ẹ̀wà ń jóná lórí sítóòfù: mò ń bọ̀. Orí bẹ́ẹ̀dì ni yóò ti sọ ọ́, nǹkan há etí rẹ̀ méjèèjì, àtàǹpàkò ò ní dúró lára fóònù. Bí ìyá rẹ̀ bá tẹ̀ lé e, á ní, "Ṣé èmi nìkan lẹ bí ni?" Wọn ò kúkú bí òun nìkan. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wà ní Pólì, ọmọ jẹ́jẹ́, àfi ti ọmọkùnrin kan tó ń gbé e dé ẹnu ọ̀nà lórí ọ̀kadà, èyí tí ìyá rẹ̀ ò tíì mọ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná.

Bí ìjà wọn ṣe máa ń lọ ni kí ẹ gbọ́, torí gbogbo ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Ìyá Aláṣọ á pè é jẹ́jẹ́. Kò ní dáhùn. Á pè é lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀ẹ̀kẹta, ohùn á máa lọ sókè. Nígbà tó bá fi máa tó ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ó ti kúrò lórí omi, ó ti wà lórí ìdílé bàbá ọmọ, ó ti ń sọ ohun tí àna rẹ̀ kan ṣe níbi ìsọmọlórúkọ. Ọmọ náà á jágbe mọ́ ọn, á gbá ilẹ̀kùn pàà. Kẹ́kẹ́ á pa. Kò ní pẹ́ tí ẹ máa rí Ìyá Aláṣọ fúnra rẹ̀ tó gbé kẹ́ẹ̀gì lọ sídìí kànga, tó ń pòṣé. Ọmọ ti padà sórí fóònù. Bí bàbá bá wà nílé, ìgbànú ni. Ṣùgbọ́n tírélà ni bàbá ń wà lọ sí Kánò, ìgbà tó bá fi dé, ẹ̀ṣẹ̀ ọjọ́ Ajé ni wọ́n ń torí ẹ̀ na ọmọ lọ́jọ́ Ẹtì. Ọmọ á ké, ara á lé, tírélà á tún gbéra, Mò-ń-bọ̀ á sì gorí bẹ́ẹ̀dì padà.

Ẹni tó mú ọ̀rọ̀ páálí wọlé ni Bùrọ̀dá Gáídáǹsì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gba àwọn ọmọ níyànjú ní ilé-ẹ̀kọ́ gírámà kan, Yunifásítì Ìbàdàn ló ti kàwé, yàrá kẹjọ ló ń gbé. Kò tíì níyàwó. Mo mọ ẹni tó ń gbé ìkòkò ọbẹ̀ wá fún un lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, àmọ́ ọjọ́ mìíràn lọjọ́ ìyẹn. Lálẹ́ kan tí kò síná, tí gbogbo wa jókòó síta tí a ń lé ẹ̀fọn, Ìyá Aláṣọ ní kó bá òun wá nǹkan ṣe sí ọ̀rọ̀ ọmọ yìí. Mo ti rò pé á ní kó lọ gbààwẹ̀. Ó ní, "Mà, ta ló pọn omi àná?" Ìyá Aláṣọ ní òun ni. "Ìjẹta ńkọ́?" Òun náà ni. Bùrọ̀dá ní, "Ẹ ti kọ́ ọ dáadáa nìyẹn, mà."

Ẹ̀yin náà ẹ ro ariwo tó sọ.

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, Bùrọ̀dá bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ eku. Ó ní ọkùnrin kan wà ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ B. F. Skinner, wọ́n bí i lọ́dún 1904, ó kú lọ́dún 1990, Yunifásítì Harvard ló ti ṣe èyí tó pọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Á fi eku sínú àpótí. Bí eku bá tẹ irin kékeré kan, oúnjẹ á já bọ́. Eku tó ti jẹun á tún un tẹ̀. Gbogbo ọgbọ́n ọkùnrin náà ò ju ìyẹn lọ: ohun tó bá tẹ̀lé ìwà ló ń pinnu bóyá ìwà náà á tún wáyé. Ọ̀nà yẹn ló fi kọ́ ẹyẹlé méjì títí wọ́n fi kojú ara wọn tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù orí tábìlì. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó kọ́ àwọn ẹyẹlé mìíràn kí wọ́n máa fi ẹnu gún àwòrán ibi tí bọ́ǹbù yẹ kó balẹ̀ sí, kí wọ́n lè máa tọ́ bọ́ǹbù náà sọ́nà. Ẹyẹlé mọ iṣẹ́ wọn. Àwọn ọ̀gá ni kò lè gba ẹyẹlé gbọ́, wọ́n sì pa iṣẹ́ náà tì lọ́dún 1944.

Ti ẹyẹlé ò jẹ mí lógún. Mo fẹ́ gbọ́ bó ṣe tọ́ ọmọ tiẹ̀. Ibẹ̀ ni òfófó wà! Ọdún 1944 yẹn náà ni wọ́n bí ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń jẹ́ Deborah. Skinner kan àpótí olójú gíláàsì kan fún un láti máa sùn, ó fi ẹ̀rọ amúlé-móoru sí i kí ọmọ lè wà níbẹ̀ láìsí pé wọ́n ń fi aṣọ ká a lára bí òkú òtútù. Ó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn àwọn obìnrin kan lọ́dún 1945, àwọn tó ń tẹ ìwé náà sì fi àkọlé lé e lórí pé ọmọ wà nínú àpótí. Ni ayé bá gbé e. Wọ́n ní ọmọ náà ya wèrè. Wọ́n ní ó pe bàbá rẹ̀ lẹ́jọ́. Wọ́n ní ó yìnbọn pa ara rẹ̀, wọ́n sì dárúkọ ìlú tó ti pa á, Billings ní Montana. Lọ́dún 2004, Deborah, ayàwòrán tó ń gbé ní London, kọ ọ́ sínú Guardian ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé òun wà láyé, orí òun pé, bàbá òun sì fẹ́ràn òun. Ẹ má fi irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ wé mi. Èmi ò pa ẹni tó ń jẹun lẹ́nu rí.

Ẹni tí Bùrọ̀dá sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó wọ̀ mí lára jù ni Gerald Patterson, ní ìlú Eugene, ìpínlẹ̀ Oregon. Ọkùnrin yìí ń rán ènìyàn lọ sí ilé àwọn tí ọmọ wọn ń ṣagídí. Wọ́n á ní kí gbogbo ará ilé wà láàárín yàrá méjì péré, kí wọ́n pa tẹlifíṣàn. Àlejò á wá jókòó sí kọ̀rọ̀, á máa kọ ọ́ sílẹ̀: ta ló pàṣẹ, ta ló kọ̀, ta ló jágbe, ta ló kọ́kọ́ dákẹ́. Wọ́n ń fi iṣẹ́ yìí jẹun o! Ìgbà tí mo gbọ́ ìyẹn ni mo mọ̀ pé ìlú tí wọ́n bí mi sí ló fi ẹ̀bùn mi ṣòfò.

Ohun tí wọ́n rí nínú àwọn ilé yẹn ni Patterson kó sínú ìwé kan lọ́dún 1982. Ìyá pàṣẹ, ọmọ bú sí ariwo, ìyá jáwọ́, ariwo tán. Ọmọ ti jèrè, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́rùn rẹ̀. Ìyá náà ti jèrè, etí rẹ̀ ti sinmi. Àwọn méjèèjì á tún padà sídìí ọjà yẹn lọ́la, torí ọjà tó pa wọ́n lérè ni. Bí ó bá sì jẹ́ pé ìyá ló yarí lọ́jọ́ kan, tó fọ́ ọmọ létí, tí ọmọ sì gbọ́ràn, ìyá á gbà pé etí ni ìgbọràn wà. Ìjà ọjọ́ kejì ò ní bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ mọ́, ibi tí tàná parí sí ló máa ti gbéra. Báyẹn ni ilé ṣe ń di ojú ogun láìsí pé ẹnikẹ́ni ń fẹ́ jà.

Ìyá Aláṣọ ní, "Bùrọ̀dá, ṣé ohun tí ẹ ń sọ ni pé èmi ni mo ba ọmọ mi jẹ́?" Bùrọ̀dá ní rárá, ó ní ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ń kọ́ ara yín. Ìdáhùn yẹn ò dùn mọ́ ọn nínú. Àmọ́ èmi tí yàrá mi kojú tiwọn, mo fọwọ́ sí i. Kò sí ọjọ́ tí omi ò wọlé sínú yàrá yẹn, kò sì sẹ́ni tó lè rántí ìgbà tí ọmọkùnrin yẹn gbé kẹ́ẹ̀gì gbẹ̀yìn. Ta ni kò ní ṣagídí lórí owó bẹ́ẹ̀?

Bàbá Landlord dá sí i láti orí àga rẹ̀ pé kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ìyá rẹ̀ ń gbà fún un, ó máa ń kọ̀ dáadáa, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló ń yọ̀ǹda. Bàbá tó ń sọ̀rọ̀ yìí, bí kò bá tíì kọ nọ́ńbà tẹ́tẹ́ Bàbá Ìjẹ̀bú láàárọ̀, kì í rin ẹnu. Bùrọ̀dá yíjú sí i. "Bàbá, ìgbà wo ni nọ́ńbà yín jáde gbẹ̀yìn?" Ó ní ó ti ṣe díẹ̀. "Kí ló dé tí ẹ ò tíì fi í sílẹ̀, sà?" Bàbá ní torí ó lè jáde lọ́la. Bùrọ̀dá ní ìwé ńlá kan tí Skinner àti Charles Ferster kọ lọ́dún 1957 sọ̀rọ̀ nípa irú nǹkan báyìí. Ẹyẹlé tó ń rí oúnjẹ ní gbogbo ìgbà tó bá fi ẹnu gún nǹkan, bí oúnjẹ bá dáwọ́ dúró, kò ní pẹ́ tí yóò fi í sílẹ̀. Èyí tó ń rí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí kò mọ ìgbà tó ń bọ̀, á gún un gún un, ilẹ̀ á ṣú bá a níbẹ̀. Ìyá tó bá kọ̀ lẹ́ẹ̀mẹsàn-án tó wá gbà lẹ́ẹ̀kẹwàá, ìsọ̀ tẹ́tẹ́ ló ṣí fún ọmọ rẹ̀. Bàbá Landlord dìde, ó wọlé lọ. Mo gbọ́ pé owó ilé yàrá kẹjọ máa wọ́n sí i lọ́dún tó ń bọ̀, àmọ́ ẹ má gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Nígbà tí Onítírélà dé láti Kánò tó gbọ́ pé máàkì ni wọ́n fẹ́ máa fún ọmọ òun, ó bínú. "Ẹ̀gúnjẹ! Ọmọ tí mo bí, kí n máa fún un ní ẹ̀gúnjẹ kó tó gbálẹ̀?" Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń sọ bẹ́ẹ̀ báyìí náà, mo mọ̀ yín. Bùrọ̀dá fara balẹ̀ bi í léèrè: "Dádì, ta ló ń ra dátà tó ń lò báyìí?" Ó ní òun ni. "Ta ló ra fóònù?" Òun náà ni. "Kí ló ṣe fún yín kó tó rí wọn gbà?" Onítírélà wo ìyàwó rẹ̀, ìyàwó wo ilẹ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n rí i pé owó ti ń jáde látọjọ́ yìí, agídí ló ń gbà á. Ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe kò ju kí wọ́n yí ẹni tó ń gbowó padà.

Kì í sì í ṣe ohun tuntun. David Premack kọ ọ́ lọ́dún 1959 pé ohun tí ènìyàn fẹ́ràn láti ṣe lè fa èyí tí kò fẹ́ràn láti ṣe wọlé, bí o bá fi í sẹ́yìn. Àwọn òyìnbó ń pè é ní òfin ìyáàgbà. Ìyáàgbà tèmi ò gbọ́ orúkọ Premack títí ó fi lọ, ṣùgbọ́n lójú rẹ̀, ọmọ tó bá fọwọ́ kan ẹran kí ọkà tó tán nínú abọ́, ọwọ́ yẹn á rí nǹkan.

Páálí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn náà, Kansas ni gbòǹgbò rẹ̀ wà. Ní ìlú Lawrence lọ́dún 1967, wọ́n ṣí ilé kan tí wọ́n pè ní Achievement Place fún àwọn ọmọkùnrin tí kóòtù ti rí ẹjọ́ wọn: olójú kòkòrò, asáré-kúrò-nílé-ìwé, oníjà. Elery Phillips àti ìyàwó rẹ̀ ń bá wọn gbé bí òbí, Montrose Wolf ti Yunifásítì Kansas sì wà lẹ́yìn wọn. Káàdì wà lọ́wọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan. Bó bá ka ìwé ìròyìn, bó bá tún yàrá ṣe, bó bá ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, wọ́n á kọ máàkì sí i. Bó bá pẹ́ dé tàbí tó halẹ̀ mọ́ ẹnì kejì rẹ̀, wọ́n á yọ ọ́. Máàkì ni wọ́n fi ń ra tẹlifíṣàn, kẹ̀kẹ́ gígùn, àti lílọ sígboro. Nínú àbájáde tí Phillips tẹ̀ jáde lọ́dún 1968, nígbà tí wọ́n kàn ń bá wọn wí lórí ìhàlẹ̀, ìbáwí yẹn ò tu irun kankan lára wọn. Ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ máàkì ni ìhàlẹ̀ wálẹ̀. Wọ́n tún ń ta ipò ọ̀gá balùwẹ̀ ní gbàǹjo: ẹni tó bá fi máàkì tó pọ̀ jù lọ lé e lórí ló máa darí àwọn tó ń fọ̀ ọ́. Ọmọ tí kóòtù ń wá kiri, tó ń náwó kó lè rí balùwẹ̀ fọ̀! Mo ní kí Bùrọ̀dá bá mi sọ ìyẹn fún àwọn tó ń lo balùwẹ̀ ilé wa.

Bùrọ̀dá ò jẹ́ kí wọ́n kọ páálí náà lẹ́yìn ọmọ. Ó ní ọmọ ọdún márùn-ún lẹ lè kọ òfin fún, ẹni tí irùngbọ̀n ti ń yọ, ẹ jọ máa dúnàádúrà ni. Wọ́n gbé tábìlì jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n tan iná oníṣáájì. Mò-ń-bọ̀ jókòó, ó ká apá mọ́ àyà. Ó kọ́kọ́ ní òun ò sọ nǹkan kan. Ìgbà tó rí i pé wọ́n fẹ́ kọ dátà sí máàkì 300 ló tú apá. Ó já a wá sí 150. Ó ní kí ìyá òun máa kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Ó wá mú bírò fúnra rẹ̀, ó kọ ìlà kan sí ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀, èyí tí mo fi tún aṣọ sá kí n lè kà: "Bí Mọ́mì bá pariwo tàbí dárúkọ ẹbí Dádì, Mọ́mì á san máàkì 10 fún mi." Onítírélà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá Aláṣọ fọwọ́ sí i. Ìlà kan tún wà lábẹ́ rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ yàrá wọn ò gbọdọ̀ dé àgbàlá. N ò mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí.

Bùrọ̀dá ti kìlọ̀ pé bí ẹ bá dáwọ́ owó tí agídí ń gbà dúró, agídí á kọ́kọ́ gbóná sí i, kó lè gba gbèsè rẹ̀. Ó rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ ò pọn omi. Ìyá náà ò pọn. Dúrọ́ọ̀mù gbẹ débi pé èmi ni mò ń fún Ìyá Aláṣọ lómi ìwẹ̀. Dátà tán lórí fóònù, ni ọmọ bá ta korobá nípàá, ó jágbe tí télọ̀ òdìkejì títì fi jáde wá wòran. Ó ní òun ń kó jáde. Ó gbé báàgì dé ibùdókọ̀, ó padà dé ní àsìkò ẹ̀bà. Lákòókò yẹn ni mo rí ohun tí n ò ní gbàgbé: Ìyá Aláṣọ di okùn aṣọ mú, ó ń ka aṣọ orí rẹ̀ sókè ketekete, "ẹyọ kan, ẹyọ méjì," kí ẹnu rẹ̀ má baà ráyè. Aṣọ mi wà níbẹ̀, ó kà á mọ́ ọn. Kò sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, tí àwọn alálùwàlá ń múra ìrun Àṣálẹ́, a gbọ́ kẹ́ẹ̀gì nídìí kànga. Kò sẹ́ni tó pè é.

Ibi tí iṣẹ́ le sí wá kù, ìyẹn ni kí ìyá yìn ín. "O ṣé o tó o pọn omi. Ká ní o ti ń pọn ọ́n látọjọ́ yìí ńkọ́!" Bùrọ̀dá wúkọ́ láti yàrá kẹjọ. Alan Kazdin ní Yale, ẹni tó kọ ìwé lórí ọmọ alágídí lọ́dún 2008, ti kìlọ̀ gidi nípa ìyìn tó ní ìrù báyìí. Kí ìyá dárúkọ ohun tí ọmọ ṣe, kó sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, kó sì panu mọ́. Ìyá Aláṣọ ní pípanu mọ́ yẹn gan-an ni òun ò kọ́ nílé wọn.

Gbogbo nǹkan ti ń lọ geere kí ìyá Onítírélà tó ti Ìṣẹ́yìn dé. Màmá wo páálí, ó ní ṣé ọmọ òun ti di alágbàṣe nílé bàbá rẹ̀ ni. Kó tó di alẹ́, ó ti tú owó létí ìró, ọmọ ti ra dátà. Máàkì di yẹpẹrẹ lójú ẹsẹ̀. Ta ló máa bá ìyá ọkọ wí? Ọgbọ́n tí Ìyá Aláṣọ dá, mo júbà rẹ̀. Ó lọ kúnlẹ̀, ó ní Màmá ni kí wọ́n jẹ́ akápò. Màmá ò mọ̀wé, wọ́n bá fi ẹ̀wà ṣe é: ẹ̀wà kan fún máàkì márùn-ún, nínú agolo mílíìkì tó ní ìdérí. Ní àwọn ọdún 1960, àwọn àmì kéékèèké tó ń ṣiṣẹ́ bí owó ni Teodoro Ayllon àti Nathan Azrin fi ń ṣe irú rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ọpọlọ kan ní Anna, ní Illinois. Ẹ̀wà olóyin ni tiwa. Látọjọ́ náà, ẹ ò lè rí ẹ̀wà kan gbà lọ́wọ́ Màmá láìṣiṣẹ́. Ó máa ń tẹ dúrọ́ọ̀mù wò bóyá omi kún dé ẹnu.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí kò pa ni lẹ́rìn-ín. Kí Bùrọ̀dá tó dá sí i, Onítírélà ti ń béèrè ibi tí wọ́n ti ń gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ dè mọ́lẹ̀. A ò tíì gbàgbé Ọ̀jọ́ọ̀, níbí ní Ìbàdàn, ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, nígbà tí àwọn ọlọ́pàá wọ ilé kan tí wọ́n sì kó ènìyàn 259 jáde, tí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ àwọn kan. Ẹbí ló mú ẹbí lọ síbẹ̀ pé kí wọ́n bá wọn tún un ṣe. Ní Amẹ́ríkà, Paris Hilton tí gbogbo ayé mọ̀ ti sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí ní irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Utah nígbà tó wà lọ́mọdé, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì jà fún òfin kan tí Ààrẹ Biden fọwọ́ sí ní oṣù kejìlá ọdún 2024. Máàkì àti ìpele wà nínú ọ̀pọ̀ irú ilé bẹ́ẹ̀ náà o. Ní Tranquility Bay ní Jàmáíkà, èyí tí wọ́n tì pa lọ́dún 2009, ọmọ tí ìpele rẹ̀ kò tíì ga kò lè bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Bùrọ̀dá bínú nígbà tó ń sọ ìyẹn. Oúnjẹ, oorun, oògùn, àti ohùn ìyá, kò jẹ́ kí wọ́n kọ ìkankan sórí páálí. Àlékún nìkan ni wọ́n ń tà níbẹ̀.

Kò sì fi ibi tí ọgbọ́n náà mọ pamọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí àwọn ará Kansas gbìyànjú láti dá irú ilé wọn sílẹ̀ níbòmíràn, ó forí ṣánpọ́n: máàkì wà, ìfẹ́ àti ìkọ́ni ò tó. Àwọn tó sì tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ náà lẹ́yìn náà rí i pé ìwà máa ń dára nígbà tí wọ́n bá wà nínú ilé, àmọ́ bí wọ́n bá ti padà síbi tí wọ́n ti wá, ìyàtọ̀ ò tó nǹkan mọ́. Mo gbà á gbọ́. Ọmọ Peckham kan ti gbé ilé yìí rí, tí àwọn òbí rẹ̀ fi ránṣẹ́ sílé láti London nítorí agídí. Níbí, á dọ̀bálẹ̀, á fọ aṣọ, á ki oríkì. Ó padà dé Peckham tán, ìyá rẹ̀ ń pe fóònù pé ṣé ọmọ mìíràn la dá padà ni. Ilé tó bá a ò yí padà, kí ni kó ṣe? Bùrọ̀dá tún ní agídí mìíràn wà tí kì í ṣe ti páálí: ọmọ tí ìwà rẹ̀ ṣàdédé yí, tí kò sùn, tí kò jẹun, tí ẹnì kan ń fìyà jẹ nílé-ìwé, tàbí tó ti ń mu ohun tí kò yẹ, dókítà ni kí ẹ gbé e lọ bá.

Mò-ń-bọ̀ ṣì ń sọ mò ń bọ̀, ṣùgbọ́n ó ń bọ̀ lóòótọ́. Ìyá rẹ̀ ló jẹ gbèsè máàkì jù nílé náà báyìí. Onítírélà náà ti ń béèrè fún tiẹ̀, ó ní òun ti dín bíbú ìyàwó kù, ẹnikẹ́ni ò fún òun ní ẹ̀wà kan.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ṣe é nílé yín, Bùrọ̀dá Gáídáǹsì wà nílé láti aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, kì í gba kọ́bọ̀. Ẹ mú ọmọ náà dání, ẹ mú bàbá rẹ̀ náà dání, torí kò ní bá yín fa ìlà kan lẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Kí ẹ má lọ lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ o, ẹ máa bá àlejò. Bí wọ́n bá sì bi yín léèrè ẹni tó júwe ilé, ẹ ní ẹ kàn ń kọjá lọ ni.